Ìgbàgbọ́ Tí Wọ́n Ní Kò Tó

Gbólóhùn kan wà tó ti sú mi í gbọ́ láwọn ilé àdúrà wa: "Ìgbàgbọ́ yín ni kò tó." Ẹni tó ń wá ọmọ tí kò rí, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbààwẹ̀ títí tí ìfun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á sọ ọ́ fún òun náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rọrùn lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, nítorí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún kò ní ìdáhùn. Ta ló máa dìde láàárín ìjọ kó ní ìgbàgbọ́ òun tó? Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ìgbéraga ń bá a jà. Bó bá dákẹ́, ó ti gba ẹ̀bi nìyẹn. Oníwàásù ti bọ́, Ọlọ́run ti bọ́, aláìsàn nìkan ló kù tó máa ru ẹrù náà lọ sílé.

Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tí ìwé mímọ́ wa sọ, pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́, ẹni tó ní púpọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi yangàn, ẹni tó ní díẹ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀daràn. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Láti ayé àwọn àpọ́sítélì ni ìjọ ti ń sọ ọ́. Ó kàn jẹ́ pé kì í sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí ẹnì kan bá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wa tó ń sunkún.

Ibi tí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n jù ni Éfésù orí 2, ẹsẹ 8 àti 9. "Nítorí ore-ọ̀fẹ́ ni a ti fi gbà yín là nípa ìgbàgbọ́, àti èyíinì kì í ṣe ti ẹ̀yin tìkára yín: ẹ̀bùn Ọlọ́run ni: kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣògo." Láti kékeré la ti ń kọ́ ọ sórí ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, a ó kà á ní àkàyanjú, wọ́n á fún wa ní bisikíìtì. Ìparí rẹ̀ yẹn la sì máa ń sáré kọjá jù. Pọ́ọ̀lù sọ ìdí tí Ọlọ́run fi ṣe é lẹ́bùn: kí ẹnikẹ́ni má baà ṣògo. Ẹnu oníyangàn ló fẹ́ pa dé. Kò sọ pé òun fẹ́ la ẹnu afinisùn. Nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì, ó tún gba ọ̀nà mìíràn sọ ọ́, pé a ti yọ̀ǹda fún wọn láti gba Kristi gbọ́, a sì ti yọ̀ǹda fún wọn láti jìyà nítorí rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló fún wọn ní méjèèjì. (N kò tíì rí ìjọ tó fi ẹsẹ yẹn ṣe àkòrí ọdún rí.)

Màmá Ìlúpéjú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní àtọ̀gbẹ. Egbò kan yọ sí wọn lẹ́sẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Wọ́n ń lọ sí ọsibítù, wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n sì ń gbàdúrà, nítorí kò sí ìṣọ́ òru tó ń pa Màmá Ìlúpéjú jẹ. Ọ̀rẹ́ wọn kan wá pè wọ́n sí ìsọjí ní ìjọ tí kì í ṣe tiwọn. Oníwàásù tí wọ́n pè wá síbẹ̀ ní kí gbogbo aláìsàn jáde síwájú. Ó gbọ́wọ́ lé Màmá lórí, ó gbàdúrà kíkankíkan, ó wá ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn jó. Wọ́n jó. Ìrora kọjá agbára wọn, wọ́n bá lọ jókòó. Orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ọkùnrin náà ti sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn: "Màmá, ìgbàgbọ́ yín ni kò tó. Bó bá tó ni, egbò yìí ì bá ti gbẹ."

Nígbà tí mo lọ kí wọn, ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn lórí àpótí. Wọ́n ti tú báńdéèjì sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ náà lé orí àpótí mìíràn, wọ́n ń fi ewé ìwé ìròyìn kan lé eṣinṣin, wọ́n ń retí nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wẹ egbò náà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ẹ kú ìrora, mà. Wọn kò dá ìyẹn lóhùn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: "Ìwọ tó o kàwé, ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní kò tó yìí, ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á, kí n rán ọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Kò sí ọjà náà. Ìdáhùn ẹ̀kọ́ Kristẹni sí ìbéèrè wọn nìyẹn gan-an, ó sì yẹ kó jẹ́ ìtura fún wọn. Ohun tí owó kò rà, tí ààwẹ̀ kò rà, tí irúgbìn tí wọ́n ní ká gbìn sórí pẹpẹ kò rà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sin aláìsàn ní gbèsè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí oníwàásù yẹn. Kò ṣàdéédéé hùmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Jésù sọ fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12 pé, "Ọmọbìnrin, ìgbàgbọ́ rẹ mú ọ lára dá." Ní ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Máàkù sọ pé kò lè ṣe iṣẹ́ agbára kan níbẹ̀ ju pé ó gbé ọwọ́ lé àwọn aláìsàn díẹ̀, ẹnu sì yà á nítorí àìgbàgbọ́ wọn. Ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ìwòsàn kò tíì ka àwọn ìwé Ìhìnrere dáadáa.

Àmọ́ ẹ wo àwọn tí Jésù ń pè ní onígbàgbọ́ kékeré. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ìjì dé, àwọn ni. Pétérù nígbà tó ń rì, òun ni. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ti bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ tó ní wárápá wá, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn kò lè wò ó sàn. Nígbà tí wọ́n bi Jésù ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ló dé tí àwọn kò fi lè ṣe é, Mátíù orí 17 sọ ohun tó fi dá wọn lóhùn: nítorí àìgbàgbọ́ yín. Àwọn tó fẹ́ wo aláìsàn sàn ló ń bá wí o. Kò yíjú sí ọmọ tó ń ṣubú sínú iná àti sínú omi, kò sì ní kí bàbá rẹ̀ máa gbé e lọ sílé kó tó ní ìgbàgbọ́ tó pọ̀ díẹ̀ sí i. Bí a bá fẹ́ fi ẹsẹ yẹn wàásù, orí pẹpẹ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ọmọ náà wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo Bíbélì. Nígbà tí Jésù sọ fún un pé ohun gbogbo ni ó ṣeé ṣe fún ẹni tó bá gbàgbọ́, kò díbọ́n. Ó fi omijé ké jáde pé, "Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Ohun méjì tó takora wà nínú àdúrà kan ṣoṣo. Ó ní òun ní in, ó tún ní òun ò ní in tó, ó wá yíjú sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó ní kó fi kún un. Jésù sì wo ọmọ náà sàn. Ìgbàgbọ́ tí oníwàásù ìsọjí yẹn ì bá pè ní aláìtó ni Jésù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà dé orí pẹpẹ. Ọkùnrin tó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 38 lẹ́bàá adágún Bẹtẹsída kò tilẹ̀ mọ ẹni tó wo òun sàn. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, kò mọ orúkọ rẹ̀. Ti arọ tí ènìyàn mẹ́rin gbé gba orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀, ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e ni Máàkù ní Jésù rí. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Tímótì pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kí ará ilé. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ ọkùnrin náà ló kéré.

Nínú 1 Kọ́ríńtì orí 12, Pọ́ọ̀lù ń ka àwọn ẹ̀bùn Ẹ̀mí: fún ẹnì kan ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, fún ẹlòmíràn ọ̀rọ̀ ìmọ̀, fún ẹlòmíràn ìgbàgbọ́. Fún ẹlòmíràn, ó ní. Ìgbàgbọ́ tó ń wí níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo Kristẹni fi di Kristẹni. Èyí tó ń ṣí òkè nídìí ni, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí i gbà. Kí orí náà tó parí ó béèrè bóyá gbogbo wọn ni oníṣẹ́ ìyanu. Ìdáhùn rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí irú ẹ̀bùn yẹn jẹ́ nígbà tó bá dé. Joseph Ayọ̀ Babalọlá kò sí lórí òkè àdúrà nígbà tí ìpè rẹ̀ dé. Ẹnu iṣẹ́ ọba ló wà ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1928, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, lágbègbè Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ohùn. Lọ́dún 1930 ní Òkè-Ooye, Iléṣà, èrò wá láti ọ̀nà jíjìn. Títí di òní ẹ ó gbọ́ táwọn èèyàn ń ké pe "Ọlọ́run Babalọlá". Mo gbà pé ohun tí Ọlọ́run fún ọkùnrin yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n fún. Ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn tirẹ̀ ni oníwàásù wa fi ń wọn ti ìyá àgbà kan tó fi ẹsẹ̀ egbò jó nítorí pé wọ́n ní kí ó jó. Ìjó tó jó pẹ̀lú ìrora yẹn, tí kì í bá ṣe ìgbàgbọ́, kí ni ká ti pè é?

Ní ti ìgbàgbọ́ kejì, èyí tí gbogbo Kristẹni pín nínú rẹ̀, àpẹẹrẹ tó yé mi jù ni Lìdíà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Oníṣòwò ni, ará Tíátírà, aṣọ elésè àlùkò ló ń tà, ó sì ti ń sin Ọlọ́run kí Pọ́ọ̀lù tó dé Fílípì. Etí òun fúnra rẹ̀ ló fi gbọ́ ìwàásù létí odò, ilé ara rẹ̀ ló sì fi gba àwọn oníwàásù lálejò nígbẹ̀yìn. Ní àárín méjèèjì ni Lúùkù fi gbólóhùn kékeré kan sí: Olúwa ló ṣí i lọ́kàn.

Ọmọ Òṣogùn kan yá gbólóhùn yẹn lò. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ìgbà kan wà tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Lọ́dún 1822 wọ́n fi í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Lọ́dún 1837, nínú lẹ́tà tó fi sọ ìtàn ayé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ní nǹkan bí ọdún kẹta tí òun ti bọ́ lóko ẹrú ènìyàn, òun rí i pé òun ṣì wà nínú oko ẹrú mìíràn tó burú jù ú lọ, ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ti Sàtánì. Ó ní ó wu Olúwa láti ṣí òun lọ́kàn. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1825, ó di Samuel Crowther.

Ó lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ọmọ tó mọ̀wé kíákíá ni, tó sì máa di bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ iwájú. Ó lè ní òun ronú, òun yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, òun rí i pé ó dára. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti pe ọjọ́ tí wọ́n kó o lẹ́rú ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn tó gbé e dé ibi tí Ìhìnrere wà. Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Ìlú tó jóná ni mo ń rí, àti ìyá tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n so lókùn, tèmi kọ́ ni láti bá a du ohun tó rí nínú ayé ara rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, Àfàlà fojú kan ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ìyá òun rí òun, ó gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ńlá ń yí lójú rẹ̀ tó ti rù. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ń gbọ̀n, ó ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀, tó ti kú sóko ẹrú, máa ń pè é nígbà èwe.

Bí a bá gbé ìtàn yìí fún àwọn olùdarí sinimá wa, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìdìmọ́ra yẹn ni ìyá máa kúnlẹ̀, tó máa ní òun ti gba Jésù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Èrèlé ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ríra. Àlùfáà ni ọmọ rẹ̀ nígbà náà, ọ̀kan lára àwọn tó ń túmọ̀ ìwé mímọ́ sí èdè rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ ni ìgbàgbọ́ ni, ta ni Crowther ì bá kọ́kọ́ gbé e fún? Ó ń wàásù, ìyá ń gbọ́, ọjọ́ ń lọ. Nígbà tó wá dé, orúkọ tí wọ́n sọ ìyá náà ni Hánà, ìyá Sámúẹ́lì.

Òdì kejì ìtàn yẹn ni ti Mónííkà. Àríwá Áfíríkà ni, ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Augustine ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní ọdún 354, gbọ́n, ó ń jayé, ó sì bá àwọn ẹlẹ́sìn Mani lọ, ẹ̀sìn kan tí ìjọ kà sí ìṣìnà. Ìyá lọ bẹ bíṣọ́ọ̀bù kan pé kó bá òun bá ọmọ náà jiyàn. Bíṣọ́ọ̀bù kọ̀. Ó ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀, kó sáà máa gbàdúrà fún un. Ìyá kò gbà, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú bíṣọ́ọ̀bù, tó ní kó máa lọ, pé kò lè ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tí wọ́n da irú omijé yìí lé lórí ṣègbé. Lọ́dún 387 ni Augustine ṣe ìrìbọmi ní Mìláànù.

Ohun tó wá kan ọ̀rọ̀ wa jù nínú ayé Augustine ni pé òun náà ti kọ́kọ́ rò pé àwa la máa ń mú ìgbàgbọ́ wá, tí Ọlọ́run á wá fi oore-ọ̀fẹ́ dá wa lóhùn. Ẹsẹ tó yí i lọ́kàn padà kúrú: "Kí ni ìwọ sì ní tí ìwọ kò ti gbà?" 1 Kọ́ríńtì orí 4, ẹsẹ 7. Nígbà tó darúgbó, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù ní Híppò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé òun ti ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún 529, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Orange ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fẹnu kò pé ìbẹ̀rẹ̀ ìgbàgbọ́ pàápàá, àní ìfẹ́ àtigbàgbọ́, oore-ọ̀fẹ́ ni. Lórí èyí, Àgùdà àti àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kò jìnnà síra bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Bóyá ènìyàn lè kọ ẹ̀bùn náà ni wọ́n ti ń jà sí láti ìgbà pípẹ́. Ìpàdé tí àwọn aṣáájú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ṣe ní Dort, ní ilẹ̀ Netherlands, lọ́dún 1618 sí 1619 ní kò ṣeé kọ̀ fún ẹni tí Ọlọ́run yàn, John Wesley àti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní ó ṣeé kọ̀. N kò ní í dá ẹjọ́ yẹn níbí, ó ju orí mi lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń fi ọkọ̀ gbé ìyá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí á jókòó sínú ọkọ̀ níta, tí á máa tẹ fóònù títí ìsìn fi máa parí. Kì í bú ẹ̀sìn, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí mo sọ díẹ̀ nínú àwọn nǹkan tí mo kọ sókè yìí fún un, ó gbọ́ mi dópin, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, wọn ò tíì fún èmi. Ṣé n wá máa jẹ̀bi ohun tí wọn ò fún mi?"

Ẹnu mi wọ ilẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le nìyẹn, mi ò sì mọ ẹlẹ́kọ̀ọ́ kankan tó ti tú u tán. Àwa Yorùbá tún ní ibi tó ti lè ṣì wá lọ́nà, nítorí etí tí a fi ń gbọ́ àkúnlẹ̀yàn àti kádàrá la fi ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ní ẹ̀bùn ni, ọkàn wa á lọ sí ìpín tí olúwarẹ̀ ti gbà lọ́run kó tó wáyé, tí ilẹ̀kùn sì ti tì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀bùn tí Bíbélì ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Lúùkù orí 17, àwọn àpọ́sítélì tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé Jésù ló ní, "Bù sí ìgbàgbọ́ wa." Ohun tó ti pín tán kọ́ nìyẹn. Ayé níbí ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, lójúmọ́.

Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni ẹni tó ní ìgbàgbọ́ ti ọwọ́ wa wá lè fi jà, pé ẹ ò rí i, ọmọ ní láti kọ́kọ́ na apá. Àmọ́ ẹ wo ìkókó. Kí ó tó mọ̀ ọ́n ṣe láti na apá, wọ́n ti gbé e fún oṣù mélòó? Gbígbé tí ìyá ti ń gbé e bọ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣípá.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó ní ó dùn létí, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ìkókó. Mo wá sọ ti Wesley fún un. Àlùfáà ni Wesley, ó ti lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Georgia ní Amẹ́ríkà, ó padà dé London pẹ̀lú ìdánilójú pé òun kò ní ìgbàgbọ́ tí òun ń wàásù. Ó fẹ́ pa ìwàásù tì. Peter Böhler, ará Jámánì, sọ fún un ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1738 pé kó máa wàásù ìgbàgbọ́ títí tó fi máa ní in, pé nígbà tó bá ní in tán, á máa wàásù rẹ̀ nítorí pé ó ní in. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Èbìbí ọdún náà, ó lọ sí ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé kò wu òun láti lọ rárá. Ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Luther kọ sí ìwé Róòmù, Wesley ń gbọ́, ó sì rí i pé ọkàn òun móoru lọ́nà àrà, pé òun gbẹ́kẹ̀ lé Kristi. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni Thomas Birch Freeman ń ṣojú fún nígbà tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì lọ́dún 1842.

"Tó fi jẹ́ pé ó jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń kà á," ni àbúrò mi wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá, Pọ́ọ̀lù ló sọ bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Róòmù. Lìdíà wà létí odò. Àfàlà wà nínú ilé ọmọ rẹ̀. Wesley fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ dé Aldersgate. Kò sí èyí tó fúnra rẹ̀ ṣí ọkàn ara rẹ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tó kúrò níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dún.

Ti Màmá Ìlúpéjú, àdúrà bàbá inú Máàkù orí 9 ni mo kà fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n tún un kà, wọ́n ní ẹni yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó yá, àwọn dókítà gé ìka ẹsẹ̀ wọn kan, egbò náà sì jinná. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ tiwọn, wọ́n wọ aṣọ òfì, wọ́n sì fi ìka mẹ́rin tó kù jó dé iwájú pẹpẹ. Ẹnì kan lára àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ìgbàgbọ́ Màmá yìí mà pọ̀ o. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ní, "Ẹ má dá mi lójú, mo tọrọ rẹ̀ ni."

Àbúrò mi ṣì ń jókòó sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ní kí n fi àwọn ẹsẹ tí mo ń kà ránṣẹ́ sí òun, ó sì ń kà wọ́n, nítorí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi iṣẹ́ jẹ́ mi lórí WhatsApp. Ó ti dé Jòhánù orí 6. Ó ní ẹsẹ 44 sọ pé kò sí ẹni tó lè wá bí kò ṣe pé Baba fà á, pé ẹjọ́ òun nìyẹn, òun ti jàre. Mo ní kó padà sí ẹsẹ 37, ibi tí Jésù ti sọ pé ẹni tó bá tọ òun wá, òun kì yóò ta á nù. Ó dá mi lóhùn pé ta ní í wá ṣe kóun fẹ́ wá? Mo bi í pé, ìwọ tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rò ní aago mọ́kànlá alẹ́, ta ló ń ṣe ọ́? Ó ti kà á, mo rí àmì búlúù méjì. Kò tíì fèsì.